Champagney, abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé tó bẹ ọba nítorí ẹrú

Ibi mẹ́ta ló ń jẹ́ Champagney ní ilẹ̀ Faransé, kò sì sí èyí tó wà ní Champagne, níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí olókìkí nì, nínú wọn. Ọ̀kan wà ní Doubs, ọ̀kan wà ní Jura, ẹ̀kẹta wà ní Haute-Saône. Ìró orúkọ wọn àti ti Champagne ló jọra, ìyẹn ló ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé wọ́n tan. Èyí tó wà ní Haute-Saône ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ òwò ẹrú bá délẹ̀, tí wọ́n sì máa ń sọ ìtàn rẹ̀ láṣìsọ. Ẹnì kan á ní abúlé yìí ló fòpin sí ẹrú ní ilẹ̀ Faransé. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, pé kí àlejò lè máa wá ni wọ́n ṣe hun ìtàn náà. Àwọn méjèèjì ló ṣì í sọ. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1789, ìwé rẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n kò lè yé ènìyàn dáadáa bí kò bá kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí abúlé náà jókòó lé, àti ọwọ́ ẹni tí ilẹ̀ ọ̀hún wà nígbà náà.

Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ Faransé, ẹ wo apá ìlà-oòrùn níbi tó ti ń sún mọ́ Jámánì àti Switzerland. Òkè Vosges wà ní àríwá, òkè Jura wà ní gúúsù. Láàárín àwọn méjèèjì, ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, ìlú Belfort sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà bí oníbodè. Láti ayé àwọn ará Róòmù títí di ogun àgbáyé kejì, ibẹ̀ ni ọmọ ogun ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni oníṣòwò ń gbà. Champagney wà ní ìwọ̀-oòrùn Belfort, nǹkan bí ogún kìlómítà sí i, ní ẹsẹ̀ òkè Vosges, létí odò Rahin. Rahin ń ti orí òkè bọ̀, ó ń wọ odò Ognon; Ognon ń wọ Saône; Saône ń wọ Rhône ní ìlú Lyon; Rhône ló ń gbé omi gbogbo wọn lọ sínú òkun Mẹditaréníà.

Òjò pọ̀ níbẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn máa ń forí sọ òkè Vosges, á sì da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ sórí àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀. Òtútù pẹ́, ilẹ̀ iyanrìn ló pọ̀, kò sì lọ́ràá. Àlìkámà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkà rye ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn látijọ́, ọ̀dùnkún wá dé lẹ́yìn náà. Ohun tí ilẹ̀ náà fẹ́ràn jù ni koríko àti igi, nítorí náà màlúù àti igbó ni ọrọ̀ wọn. Ilé wọn kò sì rọ́ gìrọ́gìrọ́ sójú kan. Wọ́n wà káàkiri ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, bí ahéré ṣe ń yí ìlú ká nílẹ̀ wa, gbogbo wọn sì ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gun òkè díẹ̀ sí àríwá, ẹ óò bá àwọn adágún kéékèèké tí kò lóǹkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ Ẹgbẹ̀rún Adágún. Yìnyín àtayébáyé ló kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún ní kòtò kòtò, àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin ìjọ tó ń gbé pọ̀ fún àdúrà, sì wá sé omi mọ́ inú àwọn kòtò náà láti máa sin ẹja, nítorí ìjọ kò fún wọn láyè láti jẹ ẹran ní ọjọ́ ààwẹ̀.

Màlúù tí ẹ óò máa rí ní pápá ẹkùn yìí lónìí ni Montbéliarde, èyí tó pupa rúsúrúsú tí funfun sì dà sí i lára, tí orí rẹ̀ funfun. Láti inú wàrà ni oúnjẹ ẹkùn náà tó wù mí jù láti ṣàlàyé ti ń wá, nítorí ó ń sọ irú ìgbésí ayé tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbé. Cancoillotte ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rá wàrà, èyí tó ń di bọ́tà, ọjà ló ń lọ nítorí pé ó ń pa owó wọlé. Wàrà tó ṣẹ́ kù, tí kò lọ́ràá mọ́, ni ará ilé ń jẹ. Wọ́n á jẹ́ kó dì, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á rún un wẹ́wẹ́, wọ́n á gbé e síbi tó móoru títí yóò fi pọ́n tí òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi àti bọ́tà díẹ̀, wọ́n á máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi yọ́, tí yóò máa fà yọ̀ọ̀. Àwọn mìíràn ń fi ááyù sí i. Orí búrẹ́dì tàbí ọ̀dùnkún sísè gbígbóná ni wọ́n ń dà á lé. Ẹni tó bá mọ wàràǹkàṣì á mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí wọn jọra: a kì í da wàrà nù.

Bí ẹ bá ń kà nípa Champagney, ẹ óò máa pàdé Franche-Comté, Haute-Saône àti Bourgogne-Franche-Comté, ó sì máa ń da ènìyàn lójú rú. Gbogbo wọn ló tọ̀nà, ìgbà wọn ló yàtọ̀. Franche-Comté ni orúkọ ilẹ̀ náà látijọ́. Abẹ́ ọba Spéìn ló wà kí Louis Kẹrìnlá tó fi ogun gbà á, tí àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Nijmegen ní 1678 sì sọ ọ́ di ti Faransé pátápátá. Ní 1790, ìjọba tuntun gé àwọn ẹkùn àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi orúkọ odò àti òkè sọ àwọn ìpín náà. Haute-Saône ni Champagney bọ́ sí, Vesoul sì ni olú-ìlú rẹ̀. Bourgogne-Franche-Comté ni ẹkùn ńlá tí wọ́n dà pọ̀ ní 2016. Champagney fúnra rẹ̀ jẹ́ commune, ìpín tó kéré jù nínú ìjọba wọn, ó ní olórí tí wọ́n ń pè ní maire, ó sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ẹ má fi wé ìjọba ìbílẹ̀ wa o. Commune bíi 35,000 ló wà ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 500. Champagney, tí èrò rẹ̀ lónìí ju 3,000 lọ, kì í ṣe ọmọdé láàárín wọn.

Ta ló wá ni ilẹ̀ náà ní 1789? Olórí ilé mọ́ńkì tó wà ní ìlú Lure ni. Ilé mọ́ńkì yìí ti wà láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú. Ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tí wọ́n ń pè ní Deicolus, Desle ní èdè wọn, ló dá a sílẹ̀. Bí ó ti ń pẹ́, olórí ilé náà kúrò ní ẹni tó ń gbàdúrà nìkan, ó di ọmọ aládé, ó ní ilẹ̀, ó ní igbó, ó ní ẹjọ́ dídá, ó sì ní àwọn abúlé tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Champagney jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí: mainmorte. Bí a bá tú u sí èdè wa bó ṣe rí, ọwọ́ òkú ni. Ẹni tó wà lábẹ́ mainmorte kì í ṣe ẹrú. Wọn kì í tà á lọ́jà, ó ń fẹ́yàwó, ó ń bímọ, ó ń dáko. Àmọ́ ogún rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kú tí kò ní ọmọ tàbí ẹbí tí wọ́n jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan, olúwa ilẹ̀ ló ń kó ohun tó fi sílẹ̀. Ọmọ tó bá ti kó jáde lọ wá iṣẹ́ níbòmíràn lè padà wálé kó bá ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ńkì. Kì í ṣe ìwọ̀fà bí tiwa, nítorí ìwọ̀fà lè san gbèsè kó sì máa lọ sílé. Ti mainmorte, wọ́n bí i mọ́ni ni. Ní 1779, Louis Kẹrìndínlógún fagi lé e lórí ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wá rọ àwọn olúwa ilẹ̀ yòókù kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò dá a lóhùn. Franche-Comté sì wà lára ibi tó pẹ́ sí jù lọ. Kì í ṣe gbogbo abúlé ló kàn bákan náà, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ kan ní ẹkùn yẹn tí kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Ohun tó fún wọn láyè láti sọ̀rọ̀ ni pé owó tán nílé ọba. Gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, ọba sì pe àpéjọ ńlá kan tí wọn kò tíì pè láti 1614: àwọn àlùfáà, àwọn ìjòyè, àti gbogbo mẹ̀kúnnù yòókù, ìpín kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn aṣojú rẹ̀. Kí àpéjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Versailles ní oṣù karùn-ún 1789, gbogbo abúlé ní láti pàdé, kí wọ́n yan aṣojú, kí wọ́n sì kọ ẹ̀dùn wọn sínú ìwé. Ìwé ẹ̀dùn yìí ni wọ́n ń pè ní cahier de doléances. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá irú rẹ̀ ni wọ́n kọ káàkiri ilẹ̀ náà láàárín oṣù díẹ̀. Mo rò pé kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà náà tí ọba ti bi àwọn àgbẹ̀ léèrè lójú kan báyìí pé kí ló ń dùn yín.

Ohun tó ń dùn wọ́n kò ṣòro láti mọ̀. Owó orí pọ̀. Iyọ̀ wọ́n nítorí owó tí ìjọba gbé lé e. Olúwa ilẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ igi nínú igbó. Ẹyẹlé rẹ̀ ń jẹ irúgbìn wọn. Ìwé ẹ̀dùn abúlé kan jọ ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kó rí, nítorí ìyà kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Champagney náà kọ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú abala rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé. Àfi ìgbà tí ènìyàn bá dé abala 29.

Mo túmọ̀ rẹ̀ síhìn-ín bí mo ti lè ṣe, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀ ni àwọn tó ń tún un sọ máa ń gé kúrò:

“Àwọn ará ìlú Champagney kò lè ronú kan ìyà tó ń jẹ àwọn ènìyàn dúdú ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè kí ọkàn wọn má gbọgbẹ́, bí wọ́n bá rántí pé ènìyàn bíi tiwọn ni wọ́n, tí okùn ẹ̀sìn tún so pọ̀ mọ́ wọn ní ìlọ́po méjì, tí wọ́n sì ń lò wọ́n nílò tó le ju ti ẹran tí ń ru ẹrù lọ. Kò lè yé wọn bí ènìyàn ṣe lè máa lo ohun tó ń ti àwọn ilẹ̀ náà wá, bí ó bá rò ó pé ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ ni wọ́n fi bomi rin ín. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó sì tọ́ kó bà wọ́n, pé àwọn ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ojú wọn yóò là jù báyìí lọ, yóò pe àwọn ará Faransé ìgbà yìí ní ajẹ̀nìyàn, ohun tí kò bá orúkọ Faransé mu, tí kò sì bá orúkọ Kristẹni mu rárá. Nítorí náà ni ẹ̀sìn wọn fi ní kí wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ ọba kí ó wá ọ̀nà tí yóò fi sọ àwọn ẹrú wọ̀nyí di ọmọ abẹ́ ọba tó wúlò fún ìjọba àti fún ilẹ̀ baba.”

Ajẹ̀nìyàn. Nígbà yẹn, àwọn aláwọ̀ funfun ló ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn. Àwọn àgbẹ̀ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọjú rẹ̀ sí ara wọn. Ẹni tó bá fi ṣúgà sí kọfí, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló ń mu. Nígbàkigbà tí mo bá ka ibẹ̀, ara mi máa ń wá ṣìì.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Abúlé yìí jìnnà sí òkun. Nantes, Bordeaux, La Rochelle, àwọn èbúté tí ọkọ̀ ẹrú ti ń ṣí, wà ní òdìkejì ilẹ̀ Faransé pátápátá. Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n máa ń dá bí a bá béèrè: Jacques-Antoine Priqueler. Ọmọ Champagney ni, ṣùgbọ́n ó di ọ̀gá nínú ẹ̀ṣọ́ ọba, ẹni tó sì wà nítòsí ààfin á máa gbọ́ ohun tí Paris ń sọ. Ní oṣù kejì 1788, àwọn kan ti dá Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ènìyàn Dúdú sílẹ̀ ní Paris, Brissot ni aṣáájú wọn, ìwé tí ẹgbẹ́ náà ń tẹ̀ sì ń lọ káàkiri. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Champagney ni pé Priqueler wálé ní ìgbà tí wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀dùn, ó sì ròyìn ohun tí ojú àwọn ẹrú ń rí fún àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè pé báwo ni àwọn ènìyàn náà ṣe rí, ó tọ́ka sí àwòrán kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwòrán àwọn amòye tó wá júbà Jésù ọmọ-ọwọ́ ni. Ẹni tó bá ti wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n máa ń yà wọ́n, ọ̀kan nínú wọn, Balthazar, sì máa ń jẹ́ aláwọ̀ dúdú, nínú aṣọ ọba, pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́. Ọjọ́ ìsinmi dé ọjọ́ ìsinmi ni àwọn àgbẹ̀ Champagney ń rí ọba dúdú yìí níwájú Olúwa. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí rí láyé wọn nìyẹn, ọba sì ni. Ó yẹ kí a ro ìyẹn dáadáa. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ ènìyàn dúdú gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú ìwé ìṣirò oníṣòwò á rò ó lọ́nà kan. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọba tó kúnlẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù á rò ó lọ́nà mìíràn.

Àwọn kan máa ń sọ pé tó bá jẹ́ Priqueler ló mú ọ̀rọ̀ wá, a jẹ́ pé kì í ṣe ti àwọn àgbẹ̀ mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé ló ń kọ ìwé ẹ̀dùn ní gbogbo abúlé, kò sí ibi tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpàdé gbogbo ìlú ló fọwọ́ sí i. Wọ́n lè ní kí wọ́n yọ abala 29 kúrò, kí wọ́n má baà fi ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ba tiwọn jẹ́ lọ́dọ̀ ọba. Wọn kò yọ ọ́. Àwọn tí ẹlòmíràn ń kó ogún wọn lọ mọ bó ṣe ń rí kí a má ni ohun tí a fi òógùn wá.

Ohun tí wọn kò sọ náà ṣe pàtàkì o. Ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn kà. Kò sí ọ̀rọ̀ náà “ẹ fòpin sí i” níbẹ̀. Wọn kò dá ọjọ́, wọn kò sì bá àwọn tó ni oko ìrèké jà. Wọ́n ní kí ọba wá ọ̀nà tí ẹrú yóò fi di ọmọ abẹ́ ọba. Àmọ́ kí ni àwọn fúnra wọn? Ọmọ abẹ́ ọba náà ni. Ohun tí wọ́n ń tọrọ fún àwọn ènìyàn tí wọn kò rí rí ni ipò kan náà tí àwọn wà. Lójú tèmi, òmìnira ni wọ́n ń tọrọ, ní èdè tí mẹ̀kúnnù lè fi bá ọba sọ̀rọ̀.

Ọba kò dáhùn. Ìlànà ìgbà náà ni pé wọ́n á kó ìwé àwọn abúlé jọ sí olú-ìlú àgbègbè, wọ́n á yọ ọ̀kan ṣoṣo jáde láti inú gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni aṣojú á gbé lọ sí Versailles. Ohùn abúlé kan ṣoṣo kì í sì í pẹ́ rì. Ìyípadà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Paris ní oṣù keje ọdún náà gba gbogbo ènìyàn lọ́kàn. Àwọn ẹrú Saint-Domingue, tí a mọ̀ sí Haiti lónìí, ló tú ara wọn sílẹ̀. Wọ́n dìde ní oṣù kẹjọ 1791, apá àwọn ọmọ ogun Faransé kò sì ká wọn mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì 1794 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris tó kéde pé kò sí ẹrú mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ti òkèèrè. Napoleon Bonaparte dá a padà ní 1802. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1848 ni ó tó parí, Victor Schœlcher ló sì jẹ́ agbátẹrù òfin náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní Champagney ló fòpin sí ẹrú, ẹ sọ fún un pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta wà láàárín ìwé abúlé náà àti òfin 1848, àti pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Haiti ló kún àárín ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní 1789, àwọn ẹrú tó wà ní Saint-Domingue sún mọ́ 500,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn oníṣòwò Faransé ní ilé olódi kan ní Ouidah, ọkọ̀ ojú omi wọn sì ń rà ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ọ̀yọ́ ló di ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́ mú. Ní ọdún 1789 kan náà ni Aláàfin Abíọ́dún wàjà, ẹni tí òwò náà gbilẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó láti apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní Nàgó ní Saint-Domingue, orúkọ náà kò sì tíì parẹ́ níbẹ̀: Nago jẹ́ ìdílé kan nínú àwọn ẹ̀mí tí àwọn ẹlẹ́sìn Vodou ní Haiti ń bọ, Ogou sì ni aṣáájú wọn, Ògún wa ni. Nígbà tí abala 29 ń sọ pé “ènìyàn bíi tiwa”, àwọn baba wa wà nínú àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹnì kan lè máa rin ẹsẹ̀ lọ sí etíkun Àjàṣẹ́ pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kí Yorùbá bíi tirẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó di okùn náà mú. Ó yẹ kí a lè sọ èyí pẹ̀lú bí a ṣe ń sọ ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Champagney kò wá jókòó sójú kan lẹ́yìn 1789. Wọ́n ti rí èédú inú ilẹ̀ ní àgbègbè náà láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, àwọn mọ́ńkì Lure pàápàá sì gba àṣẹ láti wà á ní 1757. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ti di ọmọ ilẹ̀ méjì: òkè ni màlúù wọn wà, ìsàlẹ̀ ni owó wọn ti ń wá. Ní 1900, ihò kan tí wọ́n gbẹ́ ní Magny-Danigon, nítòsí ibẹ̀, wọlẹ̀ ju 1,000 mítà lọ, kò sì sí èyí tó jìn tó o ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Àwọn ará Poland wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Wọ́n ti ibi ìwakùsà náà pa ní 1958.

Adágún ńlá tí àlejò máa ń bá ní Champagney, tí wọ́n ń rò pé Ọlọ́run ló dá a, ènìyàn ló ṣe é. Nígbà tí Jámánì gba Alsace ní 1871, ààlà dé ibi tí kò jìnnà sí abúlé náà mọ́. Ìjọba Faransé wá fẹ́ gbẹ́ ọ̀nà omi tí ọkọ̀ tó ń ru èédú àti ẹrù yóò máa gbà láti Montbéliard dé odò Saône. Ọ̀nà omi kò lè ṣe láìní omi, nítorí náà ni wọ́n ṣe mọ ìsédò sí Champagney láàárín 1882 àti 1905 láti máa bomi sí i. Wọn kò parí ọ̀nà omi náà títí di òní. Omi ń bẹ níbẹ̀, ọkọ̀ kò dé.

Ogun tún gba ibẹ̀ kọjá ní 1944. Àwọn ọmọ ogun Faransé tó gòkè láti gúúsù dé iwájú Belfort nígbà ìkórè, òjò àti ẹrẹ̀ dá wọn dúró, ìbọn ńlá sì ń ró lórí àwọn abúlé ẹsẹ̀ òkè náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìgbà yẹn ni ilé àdúrà orí òkè ní Ronchamp, ìlú tó bá Champagney pààlà, wó lulẹ̀. Orí àwókù rẹ̀ ni Le Corbusier kọ́ èyí tí gbogbo ayé ń wá wò báyìí, tó parí ní 1955. Oṣù kọkànlá ni Champagney tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn Jámánì. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí Faransé kó láti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wà nínú ogun náà. Wọ́n ti jà ní Ítálì, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun Provence ní oṣù kẹjọ. Ní ìgbà òtútù yẹn, nígbà tí ìṣẹ́gun ti sún mọ́, àwọn ọ̀gá ogun Faransé gba ìbọn àti aṣọ òtútù lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé, wọ́n sì dá àwọn ọmọ Áfíríkà padà sí gúúsù. Òtútù ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ṣe náà ni blanchiment, sísọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun di funfun. Ó dùn mí pé ẹsẹ̀ òkè tí wọ́n ti kọ “ènìyàn bíi tiwa” ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1971 ni ọmọ ìlú náà kan, René Simonin, dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sílẹ̀ kí abala 29 má baà sùn sínú àpótí. Maison de la Négritude ni orúkọ rẹ̀, orúkọ yìí náà sì ń rú àwọn ènìyàn lójú. Négritude kì í ṣe èébú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní Paris ní ọdún 1930 sókè, Aimé Césaire láti Martinique, Léon-Gontran Damas láti Guyane àti Léopold Sédar Senghor láti Senegal, ló gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú wọn, wọ́n sì fi ṣe àsíá: pé dúdú ni wá, a sì ní ohun tí a fẹ́ fi fún ayé. Senghor, tó ti di ààrẹ Senegal nígbà yẹn, gbà láti jẹ́ baba ìsàlẹ̀ ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ọmọ ogun Faransé rí, àwọn Jámánì sì mú un ní ìgbèkùn ní 1940. Nínú ilé náà, wọ́n ṣe àwòkọ́ ikùn ọkọ̀ ẹrú kí àlejò lè wọ ibẹ̀, kó sì mọ bí ààyè ṣe há tó.

Lónìí, Champagney wà lára àwọn ibùdó tí wọ́n so pọ̀ sí ọ̀nà ìrìn-àjò kan ní ìlà-oòrùn Faransé nítorí ìtàn òpin ẹrú. Fessenheim, níbi tí ìdílé baba Schœlcher ti wá, wà lára wọn. Emberménil, níbi tí Àlùfáà Grégoire, ẹni tó jà kí òwò ẹrú lè dópin, ti ṣe ìránṣẹ́ ìjọ, wà lára wọn. Ibùdó mìíràn wà ní gúúsù, nínú òkè Jura, ní Franche-Comté kan náà: ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Fort de Joux, nítòsí Pontarlier. Ibẹ̀ ni Bonaparte fi Toussaint Louverture sí, ẹni tí wọ́n bí ní ẹrú ní Saint-Domingue tó sì di ọ̀gágun. Wọ́n gbé e wá ní 1802. Ògiri òkúta, òtútù, igi ìdáná tí wọ́n ń wọ̀n fún un. Ó kú síbẹ̀ ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin 1803, ọdún mẹ́rìnlá àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ Champagney fọwọ́ sí abala 29. Inú ilé olódi náà ni wọ́n sin ín sí. Kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí egungun rẹ̀ mọ́.